Kí Màmá má baà ṣubú mọ́: ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi ṣubú, ilẹ̀ ni mo bínú sí. Ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ṣubú sí, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, nígbà tí wọ́n dìde láti lọ tọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti ká ẹní kékeré tó máa ń yọ̀ níbẹ̀ dànù, mo ti pe ẹni tó wá kan irin ìdìmú mọ́ ògiri, mo sì ti pààrọ̀ gílóòbù tó ń ṣe bàìbàì. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ṣubú. Ọ̀sán gangan ni lọ́tẹ̀ yìí, nínú pálọ̀, lórí ilẹ̀ tó gbẹ tó sì tẹ́jú, tí kò sí ohunkóhun lójú ọ̀nà. Wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ọrùn ọwọ́ sì dá.

Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọwọ́ yẹn ni nọ́ọ̀sì kan ti ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀ Màmá. Ojú gbà mí tì. Èmi tí mò ń fọ aṣọ wọn, tí mo mọ oògùn wọn lórí, mi ò tíì fojú kan àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá mi láti bí ọdún kan. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn ti gùn, ó ti nípọn, igun rẹ̀ kan sì ti wọnú ẹran. Lábẹ́ ìdí àwọn ọmọ ìka, awọ ti yi, ó le. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dijú, ó fi orí ìka rẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn wẹ́rẹ́, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?" Màmá dáhùn pé, "O ò tíì fọwọ́ kàn mí, ọmọ mi." Ó ti fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibi tí a ṣubú sí kọ́ là ń wò, ibi tí a ti kọsẹ̀ là ń wò. Mo gbọ́ òwe yìí láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò rò ó mọ́ ẹsẹ̀ gan-an rí. Ẹni tí kò mọ ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀, tí èékánná sì ń dùn débi pé ó ń tiro láìmọ̀, bó pẹ́ bó yá, á ṣubú, bí ilẹ̀ ilé rẹ̀ tiẹ̀ tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́. Ohun tí mò ń ṣe láti ìgbà náà ni mo kọ síbí. Mo sì tò ó bó ṣe yẹ kí n ti tò ó níjọ́ àkọ́kọ́: ẹsẹ̀ ṣáájú, bàtà tẹ̀ lé e, ilé wá gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bí 684,000 ènìyàn ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó ti lé ní ẹni 60 ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ewu pé yóò tún ṣubú ti di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ìṣubú tí kò dá eegun kankan náà yẹ ní bíbéèrè. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà máa ń fi í pamọ́. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé a ò ní jẹ́ kí wọ́n dá jáde mọ́, tàbí pé a ó kó wọn kúrò nílé wọn. Tí ẹ bá bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ṣubú?", "rárá" lẹ ó gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹsẹ̀ yín yẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé ó tó ìgbà kan tí ẹ sáré di nǹkan mú?" Ìgbà tí mo béèrè báyìí ni Màmá sọ mẹ́ta tí mi ò gbọ́ rí fún mi.

Wíwo ẹsẹ̀

Alaalẹ́ ni mò ń ṣe é. Mo jókòó sórí àpótí kékeré, mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan mi. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Mo máa ń lo ọwọ́ kí n tó lo ojú. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan ẹsẹ̀ méjèèjì láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé orí ìka. Bí ojú kan bá gbóná ju ojúgbà rẹ̀ lára ẹsẹ̀ kejì lọ, nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, bí awọ ò tiẹ̀ tíì yí padà. Lára awọ dúdú, pípupa kì í tètè hàn, ooru tí ọwọ́ gbọ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá sì tutù ju èkejì lọ ní gbogbo ìgbà, ẹ sọ fún dókítà, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ya ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Mo wo àárín wọn bóyá ó ti funfun tó sì rọ̀ bí ohun tó pẹ́ lómi, tàbí ó ti là. Mo wo gìgísẹ̀ bóyá ó ti sán. Mo wo àtẹ́lẹsẹ̀ fún ọgbẹ́ àti ibi tó bá lé ròrò. Ibì kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ fojú fò: àmì dúdú lábẹ́ awọ tó yi. Ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ọgbẹ́ sì lè wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí. Ẹni tó ń dá gbé lè fi dígí sí ilẹ̀, kí ó jókòó, kí ó gbé ẹsẹ̀ sókè rẹ̀ láti wo abẹ́.

Omi tí ẹ ó fi wẹ ẹsẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ju lílọ́wọ́ọ́rọ́ lọ. Ìgúnpá lẹ ó fi tọ́ ọ wò. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ wọn tọ́ ọ wò, nítorí ẹsẹ̀ tó ti kú, tí kò mọ nǹkan lára mọ́, lè wà nínú omi gbígbóná títí awọ á fi bó láìmọ̀. Fún ìdí kan náà, ìgò omi gbígbóná kò gbọdọ̀ wà nídìí ẹsẹ̀ wọn lórí ibùsùn. Mi ò kì í rẹ ẹsẹ̀ wọn sómi fún ìgbà pípẹ́, torí ó ń jẹ́ kí awọ gbẹ kó sì là. Aṣọ ìnura tó rọ̀ ni mo fi ń tẹ omi gbẹ, mo sì ń ki igun rẹ̀ bọ àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Ìpara ló kàn: ẹ̀yìn ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀, gìgísẹ̀. Kì í dé àárín ọmọ ìka, ibẹ̀ kì í tètè gbẹ, ọ̀rinrin sì ni awọ fi ń jẹrà. Ẹ jẹ́ kí ìpara wọra tán, kí ẹ sì wọ bàtà fún wọn kí wọ́n tó dìde. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ní ìpara lórí táìlì ò yàtọ̀ sí ọṣẹ.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe fún Màmá, ẹ lè ṣe é nílé. Ipswich Touch Test ni wọ́n ń pè é, ìlú Ipswich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti gba orúkọ. Ẹni náà á dijú, ẹ ó fi orí ìka yín kan ṣónṣó àtàǹpàkò, ìka àárín àti ìka tó kéré jù, lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ẹ̀ẹ̀kan péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gbá a, ẹ má fi ọwọ́ ra á. Ó kàn máa sọ "ọ̀tún" tàbí "òsì" nígbà tó bá mọ̀ ọ́n. Nínú mẹ́fà, tí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá sọnù, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Nítorí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n ṣe gbé e jáde, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ nìkan kọ́ ló ń pa ẹsẹ̀. Ọtí àmujù, àìtó fítámì B12 àti àwọn oògùn kan náà máa ń ṣe é. Ìyá mi ò ní àtọ̀gbẹ. B12 ló dínkù lára wọn, a ò bá má mọ̀ láéláé ká ní nọ́ọ̀sì yẹn ò bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Èékánná àti awọ líle

Ẹ gé èékánná lẹ́yìn ìwẹ̀, nígbà tó rọ̀. Ẹ gé e gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ẹ má ṣe gé igun rẹ̀ wọlé bí òṣùpá, nítorí igun tí a gé wọlé ni ó máa ń hù wọnú ẹran. Ẹ má jẹ́ kó kúrú ju orí ìka lọ. Tó bá nípọn, ẹ má rọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa já a, kí ẹ wá fi fáìlì ha ṣónṣó rẹ̀ kó dán. Èmi ò fọwọ́ kan àtàǹpàkò Màmá fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì ló ń ṣe é, mò ń wò ó.

Abẹ ni Màmá ti ń lò fún awọ líle láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, wọ́n sì jà fitafita kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀. Ẹ bá mi gba abẹ yẹn lọ́wọ́ àwọn òbí yín. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ojú tí kò ríran dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora: kí ni ò ní gé? Òkúta tí a fi ń ha ẹsẹ̀ tó, ní rírọra, lórí awọ tí omi ti rin díẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kókó ẹsẹ̀ láti jẹ ẹ́ kúrò, ásíìdì ló wà nínú rẹ̀. Kì í mọ ẹran yàtọ̀ sí awọ líle. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa kò gbọdọ̀ lò ó rárá, kò sì yẹ kí wọ́n gé awọ líle tàbí èékánná tó nípọn fún un nílé. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má dúró wò ó bóyá á jinná. Kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì rí i lọ́jọ́ náà, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ kejì.

Bàtà

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀, torí ibi tó rọrùn jù láti tún ṣe ni, ibẹ̀ náà la sì máa ń gbójú fò.

Sálúbàtà tí kò ní ẹ̀yìn ni bàtà ilé Màmá. Ẹ wo ẹni tó wọ̀ ọ́ bó ṣe ń rìn: ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di bàtà mú kó má baà bọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ ni. Eteetí kápẹ́ẹ̀tì lásán tó láti dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ lásán àti ẹsẹ̀ òfìfo kò sàn jù ú lọ nínú ilé. Bàtà gidi ni kí wọ́n wọ̀ nínú ilé pàápàá.

Bàtà tó dáa ní ẹ̀yìn tó yí gìgísẹ̀ ká. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn náà, tó bá wó lulẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, iwájú níbi tí ọmọ ìka ti ń tẹ̀ nìkan ló yẹ kó tẹ̀, kì í ṣe àárín. Ẹ lọ́ ọ bí ìgbà tí ẹ ń fún aṣọ, kò yẹ kó gbà fún yín. Ó gbọdọ̀ ní okùn tàbí ohun tí a ń lẹ̀ pọ̀ tó di ẹsẹ̀ mú. Gíga gìgísẹ̀ rẹ̀ kó má ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, kó sì fẹ̀. Bàtà tí abẹ́ rẹ̀ nípọn tó sì rọ̀ bí fóòmù máa ń tu àwọn àgbà lára, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ ilẹ̀. Abẹ́ tó tín-ín-rín, tó sì le díẹ̀, ló dáa jù fún ẹni tí ìdúró rẹ̀ ti ń mì.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ yẹ èyí tí wọ́n ń wọ̀ wò báyìí. Ẹ ní kí wọ́n dìde dúró lórí ìwé funfun, ẹ fi péńsù yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká. Ọ̀sán ni kí ẹ ṣe é, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Kí ẹ wá gbé bàtà lé orí àwòrán náà. Nígbà tí mo ṣe é fún Màmá, ìlà péńsù yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà méjèèjì, ó fẹ̀ jù ú lọ ní ìwọ̀n ìka kékeré mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn sì gùn ju tòsì lọ. Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn há síbẹ̀? Ẹsẹ̀ tó tóbi jù ni ẹ ó ra bàtà fún, kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò sì ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù.

Kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ lárààárọ̀, ẹ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Mo ti bá bọ́tìnnì nínú bàtà Màmá lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ti rìn lórí rẹ̀ láti àárọ̀.

Ìdìde lójijì àti oògùn

Bí òòyì bá ń kọ́ wọn nígbà tí wọ́n bá dìde, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ nílé lè sọ ìdí rẹ̀. Kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n dìde dúró, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tí nọ́ńbà òkè bá já wálẹ̀ ní 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí ti ìsàlẹ̀ ní 10, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Ti Màmá já láti 138 sí 112. Dókítà yí oògùn ìfúnpá kan padà fún wọn. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o. Ṣùgbọ́n ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, títí kan èyí tí wọ́n rà fúnra wọn, ẹ dà á sórí tábìlì dókítà, kí ẹ bi í pé èwo nínú wọn ló lè fa ìṣubú. Oògùn oorun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí, àti oògùn ara yíyún tàbí ti ọ̀fìnkìn tó ń mú oorun kunni.

Ní báyìí, Màmá kì í fò dìde mọ́. Wọ́n á jókòó sétí ibùsùn, wọ́n á na ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọ́n á dìde, wọ́n á di nǹkan mú, wọ́n á dúró kí ojú wọn wálẹ̀, kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́.

Agbára itan

Lẹ́yìn tí ọwọ́ wọn dá, gbogbo wa ló ń pariwo pé, "Màmá, ẹ jókòó." A rò pé ìtọ́jú ni. Láàárín oṣù méjì, itan wọn ti rọ, wọn ò lè dìde lórí àga láìti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìjókòó ń ṣe iṣẹ́ ìṣubú lọ́wọ́ ni.

Dídìde láti orí àga ni eré ìdárayá tó dáa jù tí mo mọ̀. Àga tó le, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n rọra jókòó padà, lẹ́ẹ̀márùn-ún, kí ẹ máa fi kún un bí ọ̀sẹ̀ bá ṣe ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n dúró níwájú tábìlì ilé ìdáná, kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ sókè, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Tó bá yá, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, kí gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka, kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ẹni tí kò lè dúró bẹ́ẹ̀ tó mẹ́wàá, ewu ìṣubú wà fún un. Ẹ dúró tì wọ́n nígbà gbogbo. Níbi tí ẹ bá ti rí ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn àgbà ní Tai Chi, eré ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó wá láti ilẹ̀ Ṣáínà, ẹ mú wọn lọ, ó wà lára àwọn ohun tí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń dín ìṣubú kù.

Ilé, awò ojú, ọ̀pá

Ẹ̀yin náà mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ti ilé: iná láti ibùsùn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wáyà tí kò gba ojú ọ̀nà, irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àtẹ̀gùn, ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ létí ìpele kọ̀ọ̀kan. Irin tí a ń fi aṣọ ìnura kọ́ kì í ṣe irin ìdìmú, yóò tú kúrò lára ògiri pẹ̀lú wọn ni. Awò ojú tí a fi ń ríran jìnnà tí a sì fi ń kàwé pọ̀ máa ń mú kí ìpele àtẹ̀gùn rí bàìbàì nígbà tí wọ́n bá wo ilẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ojú bóyá wọ́n lè ní ọ̀tọ̀ fún rírìn níta.

Ní ti ọ̀pá, mo ṣe àṣìṣe. Orúnkún ọ̀tún ló ń dun Màmá, mo sì fi ọ̀pá sí wọn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ló yẹ kó wà. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ni wọ́n fi ń di ọ̀pá mú, ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn á sì jọ lọ síwájú. Kí wọ́n dúró nínú bàtà, kí ọwọ́ wọn rọ̀ sílẹ̀. Orí ọ̀pá gbọdọ̀ bá ìlà ọrùn ọwọ́ dọ́gba. Ẹ máa wo rọ́bà ìdí rẹ̀, tó bá ti jẹ pẹlẹbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n bá ṣubú

Ẹ má sáré fà wọ́n lápá. Ẹ kúnlẹ̀ tì wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n mí, ẹ béèrè ibi tó ń dùn. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì lọ tí ó sì yí síta, ìgbáròkó lè ti dá: ẹ má gbé wọn, ẹ fi aṣọ bò wọ́n, ẹ pe áńbúláǹsì. Bí orí bá kanlẹ̀, tí wọ́n sì ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ilé ìwòsàn ni, bí wọ́n tiẹ̀ ní àwọn ò ní nǹkan kan.

Bí ibi kankan ò bá dùn, wọ́n lè dìde fúnra wọn. Wọ́n á yí sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á fi ọwọ́ àti orúnkún lélẹ̀, wọ́n á rá dé ìdí àga tó le, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ tó lágbára jù mọ́lẹ̀ níwájú, wọ́n á ti ara wọn sókè, wọ́n á yí, wọ́n á jókòó. Ẹ bá wọn ṣe é lórí ẹní lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ṣubú. Ẹni tó bá sì ń dá wà nílé, kí fóònù má kúrò lára rẹ̀, lọ́rùn tàbí lápò, torí èyí tó wà lórí tábìlì ò wúlò fún ẹni tó wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan fún un: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, oògùn tí wọ́n lò kẹ́yìn, ohun tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo kọ ìṣubú méjì náà sí i, mo sì kọ mẹ́ta tí Màmá fi pamọ́. Nígbà tí mo ka ìlà tó gbẹ̀yìn lórí márààrún, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo kọ síbẹ̀: sálúbàtà. Mo gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.